Bí Mo Ṣe Bọ́ Téépù Lára Ìwé-Ẹ̀rí Ọláníkẹ́

Apá òsì mi kò ní irun ẹyọ kan. Ó ń dán bí ẹyin sísè tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó. Kì í ṣe àrùn, kì í ṣe iná, téépù ló jẹ ẹ́. Láti ọdún 1997 tí mo ti ń ta téépù ní ọjà Santana, nílùú Benin níbí, kò sí ọjà tuntun tó wọlé tí n kì í kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ apá yìí kí n tó tà á fún ẹnikẹ́ni. Bí irun mẹ́ta bá bá a jáde, téépù ọlọ́mọlúàbí nìyẹn, ó yẹ bébà. Bí irun mẹ́wàá bá bá a jáde, ó yẹ páálí. Bí awọ bá tẹ̀lé e, mo máa ń sọ fún oníbàárà pé èyí lè di afárá Ikpoba mú fún ọjọ́ méje bí àwọn òpó rẹ̀ bá ní àwọn fẹ́ lọ sinmi nílé.

Gbogbo ọjà ló mọ̀ pé irọ́ ni mo ń pa. Síbẹ̀ wọ́n ń rà á, nítorí pé ohun tí mo mọ̀ nípa téépù kì í ṣe irọ́. Kí n tó dé Benin, mo ṣiṣẹ́ ọdún méjì ní ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe téépù ní Ìkẹjà. Iṣẹ́ ìgbálẹ̀ ni wọ́n gbà mí sí, torí ìwé mẹ́fà ni mo kà tán. Mo wọ fọ́ọ̀mù wàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù wàn jáde lára mi kí táàmù kejì tó parí. Ẹni tó bá ń gbálẹ̀ kì í dijú. Mo rí gbogbo rẹ̀.

Ilé alájà mẹ́rin ni téépù. Gọ́ọ̀mù ló wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, òun ló ń di nǹkan mú. Àjà kẹta lókè ni ara téépù fúnra rẹ̀, bóyá ọ̀rá, bóyá bébà, bóyá aṣọ. Ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù àti ọ̀rá kì í fẹ́ra wọn bẹ́ẹ̀, nítorí náà wọ́n máa ń fi ohun kan tó fẹ́lẹ́ ju èémí ẹyẹ lọ sáàárín wọn láti bá wọn làjà. Èmi ń pè é ní alárinà. Bí alárinà bá kú, ọ̀rá á dìde lọ, á fi gọ́ọ̀mù sílẹ̀ lórí ohun tó lẹ̀ mọ́. Òrùlé ilé náà wá jẹ́ ohun tó ń yọ̀ bí ilá, tí wọ́n fi pa ẹ̀yìn téépù kó má bàa lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ká a. Bí kò bá sí òrùlé yìí, òkúta lo rà, kì í ṣe téépù. Bí wọ́n bá ti kọ́ ilé yìí tán, á gbẹ nínú ààrò gígùn kan, wọ́n á ká a sí ìdì tó tóbi ju màlúù lọ, ọ̀bẹ á wá gé e sí wẹ́wẹ́ bí ẹni ń gé búrẹ́dì.

Orí ilé alájà mẹ́rin yìí ni gbogbo wọn ti yàtọ̀. Másíkìn téépù tí àwọn akunlé ń lò, bébà tó hunjọ bí ojú arúgbó ni ara rẹ̀, kó lè tẹ̀ bí ògiri bá tẹ̀, ojú sì ń ti gọ́ọ̀mù rẹ̀ kó má bàa bá ọ̀dà ẹlẹ́ni lọ. Ti àwọn oníná, ọ̀rá tó ń fà bí lásítíìkì ni. Pílásítà tí wọ́n ń fi dí egbò ní ihò wẹ́wẹ́ kí awọ lè mí. Olójú méjì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, gọ́ọ̀mù níwájú, gọ́ọ̀mù lẹ́yìn, bí akọ̀wé ẹgbẹ́ wa, bébà ni wọ́n fi là á láàárín kó má bàa gbé ara rẹ̀ níyàwó. Gọ́ọ̀mù pàápàá, oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Ọ̀kan jẹ́ wàrà igi rọ́bà tí wọ́n pò mọ́ oje igi, irú igi rọ́bà tó kún inú oko káàkiri Benin yìí. Èkejì, kẹ́míkà ni wọ́n fi sè é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó mọ́ gaara bí omi òjò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. Ohun tó fẹ́ lé ìyàwó mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn.

Lọ́dún 1999 tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ Ọláníkẹ́, yàrá kan là ń gbé ní Uwasota. Òrùlé ń jò, ikán sì pọ̀ níbẹ̀ tó fi jẹ́ pé bí o bá gbé ìwé sílẹ̀ láàárọ̀, ní ọ̀sán wọ́n á ti kà á dé orí kejì. Olùkọ́ ni Ọláníkẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò tíì ju ọdún méjì lọ nígbà náà. Ìwé-ẹ̀rí tó gbà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ni dúkìá tó ṣeyebíye jù nínú yàrá yẹn, èmi ọkọ rẹ̀ ni mo tẹ̀lé e. Mo ní kí ikán wá bá mi nílé. Lọ́jọ́ tí àwọn àna mi wá kí wa, mo gbé ìwé-ẹ̀rí náà sórí tábìlì níwájú wọn, mo sì fi sẹ́lótéépù lẹ̀ ẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, tojú tẹ̀yìn, etí lé etí. Mo wá bu omi kún ife, mo sì dà á lé e lórí.

Ìyá ìyàwó mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láìmọ̀. Omi náà ṣàn lọ bí ẹni tí wọ́n lé, ìwé-ẹ̀rí kò tutù. Bàbá ìyàwó mi pàtẹ́wọ́, ó ní ọmọ òun kò ṣi ọkọ fẹ́. N kò tíì gba irú ìyìn bẹ́ẹ̀ rí. Inú mi dùn débi tí mo fi gbé ìwé-ẹ̀rí ìwé mẹ́fà tèmi náà jáde, mo sì lẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, kí ti Ọláníkẹ́ má bàa dá wà. Ohun kan ṣoṣo tó ṣẹlẹ̀ ni pé téépù onígọ́ọ̀mù rọ́bà tí mo kọ́kọ́ lò, rólù kan fún ìwé kan, kò tó. Ó tán nígbà tó kù díẹ̀ nísàlẹ̀ ìwé méjèèjì. Ìyẹn ni pé níbi tí òǹtẹ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì wà lára ti Ọláníkẹ́, òǹtẹ̀ tó yọ sókè tí ìka lè mọ̀, téépù tuntun mímọ́ gaara onígọ́ọ̀mù kẹ́míkà ni mo fi parí ẹ̀.

Ọdún mẹ́sàn-án kọjá. Ní 2008, wọ́n ní kí gbogbo olùkọ́ wá fi ojúlówó ìwé-ẹ̀rí hàn. Ọjọ́ Wẹsidé ni ti Ọláníkẹ́. Màmá kan tó wọ gíláàsì, ọmọ Ẹdó, ló jókòó sídìí tábìlì. Ọláníkẹ́ ròyìn fún mi pé ìyá náà fi àtàǹpàkò wá òǹtẹ̀ títí, kò rí i, ọ̀rá ló ń bà. Ó sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní ayédèrú tí àwọn rí lọ́sẹ̀ yẹn pọ̀, abẹ́ ọ̀rá sì ni gbogbo wọn sá sí, nítorí náà àṣẹ ti wà pé àwọn ò gba ìwé tó bá wà nínú ọ̀rá. Kó lọ mú bébà gan-an wá di ọjọ́ Mọ́ńdè. Bí Mọ́ńdè bá kọjá, orúkọ rẹ̀ á kúrò nínú ìwé àwọn olùkọ́. Bẹ́ẹ̀ rèé, bí ènìyàn bá kọ̀wé sí kọ́lẹ́ẹ̀jì fún òmíràn, oṣù mẹ́fà ni bí ara akọ̀wé wọn bá yá.

Ó dé ilé, ó gbé e sórí tábìlì. Kò pariwo. Ìbá sàn fún mi ká ní ó pariwo.

"Bàbá Ìyìn," ó ní, "ẹ̀yin lẹ lẹ̀ ẹ́. Ẹ bá mi bọ́ ọ."

Mo ní kó fọkàn balẹ̀, téépù kankan kò sí láyé yìí tí bàbá rẹ̀ kò mọ̀ mí.

"Mi ò fẹ́ ìtàn afárá Ikpoba o. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní A-B-D. Bébà yìí ni iṣẹ́ mi."

Mo gbé e sójú oòrùn, mo wò ó. Apá òkè ti pọ́n bí ẹ̀bà tí wọ́n fi epo tẹ̀. Apá ìsàlẹ̀ ṣì ń dán, ó mọ́ bí ọjọ́ tí mo lẹ̀ ẹ́. Ibẹ̀ ni ẹnu mi kọ́kọ́ wọhò. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń bí téépù, n kò mọ bó ṣe ń darúgbó.

Ṣùgbọ́n mo ní ìkejì rẹ̀. Mo lọ sídìí àpótí, mo gbé ìwé mẹ́fà tèmi jáde. Téépù kan náà, ọjọ́ kan náà, ọwọ́ kan náà. Bí mo bá máa ṣe àṣìṣe, ibẹ̀ ni kí n ti ṣe é tán.

Ọláníkẹ́ rí ohun tí mo fẹ́ ṣe, ó di ọwọ́ mi mú. "Ẹ ò ní òmíràn o."

Mo rẹ́rìn-ín, mo bi í pé ta ló fẹ́ béèrè ìwé-ẹ̀rí lọ́wọ́ mi, ṣé rólù téépù ni. Òótọ́ rẹ̀ ni pé bàbá mi, tí kò mọ ìwé, máa ń gbé bébà yẹn dání nígbà ayé rẹ̀, á dorí rẹ̀ kodò, á ní, "Àkànní, orúkọ rẹ rẹwà níbí yìí." N kò sọ ìyẹn jáde. Mo gbé kẹrosíìnì.

Kẹrosíìnì àti ìwé kò bára wọn ṣọ̀rẹ́. Bí mo ṣe kán an sí igun kan, ó tàn bí àhesọ, ó mú àwọ̀ pípọ́n yẹn káàkiri, tàdáwà bẹ̀rẹ̀ sí í lúwẹ̀ẹ́. Kí n tó ṣẹ́jú, orúkọ ọ̀gá ilé-ìwé wa ti ṣí lọ sí ibi tí wọ́n kọ ọjọ́ ìbí mi sí. Mo ní ó dáa, kẹrosíìnì kúrò níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè mo gbé ìwé mẹ́fà tèmi yìí lọ sí ṣọ́ọ̀bù Èyítọ́pẹ́, onídìrí tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tèmi. Ọmọ Oǹdó ni àwọn òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n Benin ni wọ́n bí i sí. Bí o bá fi Yorùbá kí i fún ọdún mẹ́wàá, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, Píjìn ni á fi dá ọ lóhùn. Mo yá ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí irun, mo ṣí i dé òpin, mo dojú rẹ̀ kọ apá ìsàlẹ̀ ibi tí téépù mímọ́ wà. Ọ̀rá náà súnkì, ó ká sókè bí ẹja tó já sínú epo gbígbóná, ó sì fa bébà dání.

Èyítọ́pẹ́ wo ohun tó kù. "Oga Àkànní, na paper be this o. No be attachment."

Mo tún dín iná kù, mo wá fà á sókè gbangba bí ẹni ń fa èpò. Ó tún ya. Orúkọ abúlé wa bá a lọ. Mo jókòó sórí àga àwọn oníbàárà rẹ̀, wọ́n rò pé mo wá dirun. Ìgbà náà ni mo rántí fọ́mánì wa ní Ìkẹjà. Bó bá fẹ́ dán téépù wò lórí gíláàsì, kì í fà á sókè láéláé. Á dá ẹ̀yìn rẹ̀ padà sórí ara rẹ̀, pẹlẹbẹ, á máa fà á díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń bọ́ aṣọ lára ọmọ tó sùn. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú iná tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Téépù mímọ́ náà wá, ó wá bí ìyàwó tí inú rẹ̀ dùn, kò mú nǹkan kan dání.

Apá òkè tó pọ́n ló wá kù. Èmi ti rò pé òun ló máa le jù, àṣé ọ̀rá tirẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá dúró. Alárinà ti kú. Mo fi èékánná gbé e, ó ṣí wẹ́rẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, ó sì fi gọ́ọ̀mù rẹ̀ sílẹ̀ lórí bébà, ó ń lẹ̀ pẹ̀pẹ̀pẹ̀. Bí mo bá gbé e báyìí lọ bá ìyá onígíláàsì, ìyá náà á lẹ̀ mọ́ ọn, a óò máa gbé òun àti tábìlì rẹ̀ kiri ìlú. Mo da páúdà sí i, páúdà di ẹ̀kọ. Mo fi rọ́bà tí àwọn ọmọ ilé-ìwé fi ń pa ìwé rẹ́ fà á, ó kàn ń kó ìdọ̀tí kiri.

Lọ́jọ́ Fúráìdè n kò rẹ́rìn-ín. Bí àwọn ará ọjà ṣe mọ̀ pé ọ̀ràn ti dé nìyẹn. Wọ́n ń wá wò mí lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ náà dé bá mi nígbà tí mo ń jẹun. Wàrà igi rọ́bà ni gọ́ọ̀mù yẹn. Ẹni tó bá sọnù sí àárín àlejò, ẹbí rẹ̀ ló yẹ kó lọ pè é wálé. Láàárọ̀ Sátidé, bí wọ́n ṣe parí ìmọ́tótó àyíká tí wọ́n ṣí ojú ọ̀nà, mo wọ mọ́tò lọ sí Aduwawa, níbi tí àwọn lọ́rì tó ń kó rọ́bà láti inú oko ti máa ń dúró. Ẹni tí kò bá tíì gbọ́ òórùn rọ́bà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dì, kí ó dúpẹ́. Ó ń rùn tó fi jẹ́ pé mo rí eṣinṣin kan tó di imú. Mo bẹ awakọ̀ kan, ó fún mi ní èyí tó ti gbẹ, tí wọ́n ti fi èéfín yá, kò tóbi ju ẹ̀ṣẹ́ lọ. Òórùn tirẹ̀ mọ níwọ̀n, èéfín ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Mo fi í pa ara ìwé mẹ́fà mi wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹ̀yin ènìyàn mi, gọ́ọ̀mù náà gbọ́ ohùn ẹbí. Ó ká ara rẹ̀ jọ ní kóro kóro, ó fi bébà sílẹ̀, ó sì wọ inú rọ́bà lọ. Ibi tí mo pa náà gbẹ, pípọ́n rẹ̀ dín kù, ìka mi kò lẹ̀ mọ́ ọn mọ́. Mo jó láti ṣọ́ọ̀bù mi dé ìdí àwọn alátà, mo jó padà.

Ohun tó kù lára ìwé-ẹ̀rí tèmi kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. "Àkàn" wà níbẹ̀, "1979" wà níbẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ náà la ṣe ti Ọláníkẹ́, ní ṣọ́ọ̀bù Èyítọ́pẹ́, tó ti lé àwọn oníbàárà rẹ̀ síta. Jẹnẹrétọ̀ ń ké. Èyítọ́pẹ́ di ẹ̀rọ atẹ́gùn mú jìnnà díẹ̀, Ọláníkẹ́ fi rúlà méjì tẹ etí bébà mọ́lẹ̀, èmi gbé ọwọ́ lé e. A bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ọ̀rá pípọ́n ṣí, rọ́bà kó gọ́ọ̀mù jẹ, ẹ̀yìn rẹ̀ náà ṣe bẹ́ẹ̀. A dé ìsàlẹ̀, níbi òǹtẹ̀. Mo dá téépù padà sórí ara rẹ̀, pẹlẹbẹ. Bí mo bá fà á ní ìwọ̀n ìka kan, mo máa ń dúró. Òógùn ń kán láti imú mi, Ọláníkẹ́ fi etí ìró rẹ̀ nù ún kó má bàa kán sórí iṣẹ́ rẹ̀.

"Ẹ má yára," ó ní.

"Bí mo bá tún lọ́ra sí i, ẹ̀yìn ni n óò máa rìn."

Nígbà tó kù bí ìka méjì, mo rí i tí fọ́nrán bébà kan dìde tẹ̀lé téépù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òǹtẹ̀ gan-an. Ọwọ́ mi dúró. Ọláníkẹ́ náà rí i. Ó yí rúlà rẹ̀ padà, ó fi etí rúlà náà tẹ fọ́nrán náà mọ́lẹ̀. Mo yí ọ̀nà mi padà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fà láti igun kejì wá pàdé ibẹ̀. Téépù náà bọ́. Fọ́nrán náà padà sùn sáyè rẹ̀.

Ọláníkẹ́ gbé àtàǹpàkò lé òǹtẹ̀ náà, ó dijú, ó ń fi ìka kà á yíká bí ẹni ń wá ìró ọkàn ọmọ.

"E dey?" Èyítọ́pẹ́ bi í.

"Ó wà níbẹ̀," Ọláníkẹ́ ní.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè mo sìn ín lọ, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà níbi tí mo ti lè rí tábìlì. Ìyá onígíláàsì gbé àtàǹpàkò lé òǹtẹ̀, ó mi orí. Ó tún dúró. Ó gbé bébà náà súnmọ́ imú. Ọkàn mi já sí ìfun mi, mo gbọ́ bó ṣe balẹ̀.

"Madam, wetin dey smell like this?"

Ọláníkẹ́ kò mọ irọ́ pa, ìdí nìyẹn tí Ọlọ́run fi fún un lẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ó ní rọ́bà ni, rọ́bà oko, pé òun ni ọkọ òun fi yọ gọ́ọ̀mù. Ìyá náà bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó tún gbọ́ òórùn náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Ó ní bàbá òun ń kọ igi rọ́bà lábúlé nígbà tí òun wà lọ́mọdé. Òórùn yìí ló máa ń bá a wọlé ní ìrọ̀lẹ́. Ó ní òun kò tíì gbọ́ ọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín. Ó wá tẹ òǹtẹ̀ tirẹ̀ sínú ìwé orúkọ, gbà, ó sì bèèrè ta ni ọkọ náà. Mo fi apá òsì, èyí tí kò ní irun, juwọ́ sí i láti ẹnu ọ̀nà.

Nígbà tí a délé, Ọláníkẹ́ fi ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ sínú àpòòwé bébà lásán. Ó wá mú àjákù tèmi, ó ro sítáàṣì, irú èyí tí wọ́n fi ń mú aṣọ le. Ó fi lẹ àjákù náà mọ́ bébà funfun kan, ó mú pẹ́ńsùlù, ó sì fi ọwọ́ olùkọ́ tó gún régé kọ gbogbo ohun tó ti ya lọ padà sí àyè wọn, orúkọ mi, abúlé wa, ilé-ìwé wa. Ó ti kà á lọ́pọ̀ ìgbà láìjẹ́ kí n mọ̀. Ó gbé e kọ́ ògiri.

Mo wo sítáàṣì yẹn, èmi Àkànní tó ń ta téépù. Mo bi í ṣé ó dá a lójú pé ó máa dúró.

"Á dúró," ó ní. "Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ ṣí i lọ́jọ́ kan, omi lásán ló máa bèèrè."

Àwọn àna mi wá kí wa lọ́dún tuntun. Bàbá ìyàwó mi rí i lára ògiri, ó yọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ife omi. Ìyá ìyàwó mi ló yára gbé ife náà pamọ́.